Ìrọ̀lẹ́ Là Ń Wọn Ìka Òrùka

Ojú mẹ́rin pàdé ní ibùdókọ̀ ojú irin Òkè-Ìrókò, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé Àjíǹde, nígbà tí èrò pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ kò rí ilẹ̀ tẹ̀. Méjì wà lójú fèrèsé ọkọ̀, méjì wà lábẹ́ igbá búrẹ́dì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ará Òkè-Ìrókò fi ń da ọ̀dọ́ láàmú títí dòní. Bí ọmọkùnrin bá lọ sọ fún àwọn àgbà pé òun ti rí ẹni tí òun yóò fẹ́, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè ilé tí ọmọ náà ti wá. Wọ́n á ní, "Ìrọ̀lẹ́ là ń wọn ìka òrùka o." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á dúró, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣé ìka kì í ṣe ìka ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́? Kí ni ìrọ̀lẹ́ fẹ́ fi kún un?

Mọrádékẹ́ lorúkọ ẹni tó gbé igbá. Búrẹ́dì kíkiri kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì ìyá rẹ̀, kó sì dúró ti ààrò alámọ̀ títí búrẹ́dì á fi jinná. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kiri ti lọ ṣọdún lọ́jọ́ yẹn. Òun náà sì wọ aṣọ ọdún, ó kun àtíkè díẹ̀, oorun tó sùn dáadáa sì hàn lójú rẹ̀.

Fọlárànmí, ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, na ọwọ́ láti inú ọkọ̀ láti ra búrẹ́dì kan. Ọwọ́ rẹ̀ kan búrẹ́dì náà, kò mú un. Ojú ọmọbìnrin náà ló gbà á lọ́kàn.

"Ọ̀gbẹ́ni, ra tìẹ kó o sún!" àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń pariwo. "Ebi ń pa wá!"

"Kí lorúkọ ẹ?" ni Fọlárànmí bi í.

"Ẹ kọ́kọ́ gba búrẹ́dì yín!"

Fèrè dún, ọkọ̀ ṣí. Mọrádékẹ́ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń na búrẹ́dì sí i, orúkọ rẹ̀ ló sì fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú búrẹ́dì náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Fọlárànmí sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè-Ìrókò. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí kò wá. Ọkọ̀ àárọ̀ ló máa ń bá dé, ọkọ̀ agogo méjìlá ló máa ń bá padà. Ó sì bọ́ sí i, nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni ààrò máa ń tutù di ọ̀sán. Bó bá dé, Mọrádékẹ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn àárọ̀ dé. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi ìyeyè, ọkùnrin náà á máa sọ fún un pé ojú rẹ̀ mọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn. Bí ọkọ̀ bá ti gbé e lọ tán, Mọrádékẹ́ á bọ́ aṣọ ìsìn, á ró àkísà, á sì wọ ilé ìyẹ̀fun lọ.

"Ọkọ àárọ̀ ti lọ, ìyàwó ààrò ti dé!" ni Sàfúrátù, tí wọ́n jọ ń po ìyẹ̀fun, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Oṣù mẹ́fà kọjá báyìí. Nígbà tí Fọlárànmí sọ pé òun fẹ́ gbé e níyàwó, Mọrádékẹ́ gbà. Ni wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ Bàbá Làmídì lọ, arúgbó alágbẹ̀dẹ wúrà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí ibùdókọ̀.

"Bàbá, òrùka ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ rà fún un," Fọlárànmí wí. "Èyí tí kò ní bọ́ láé. Bó bá ń wẹ̀, ó wà ńbẹ̀. Bó bá ń sùn, ó wà ńbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i, á mọ̀ pé èmi ni mo ni ín."

Bàbá Làmídì tẹ́ aṣọ dúdú kan síwájú wọn, ó to òrùka lé e. Ọwọ́ Fọlárànmí lọ tààrà sórí ọ̀kan tí òkúta pupa rẹ̀ ga bí ogbe àkùkọ. Mọrádékẹ́ mú èyí tí kò ní ohunkóhun lórí.

"Èyí ló wù mí. Ìyẹ̀fun á máa há sábẹ́ òkúta yẹn."

"Ìyẹ̀fun kẹ̀? Ìfẹ́ là ń sọ, ò ń sọ ìyẹ̀fun!" Fọlárànmí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó gbà fún un.

Bàbá Làmídì fa òwú yọ láti fi wọn ìka. Ó wo ọwọ́ náà, ó tún un wò, ó sì gbé òwú sílẹ̀.

"Iṣẹ́ kí lọmọ yìí ń ṣe?"

"Mò ń po búrẹ́dì, Bàbá."

"Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́."

"Kí ló dé?" ni Fọlárànmí béèrè.

"Ìrọ̀lẹ́ là ń wọn ìka òrùka. Ọwọ́ tó bá fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́ á wú. Òrùka tó bá gba ìka àárọ̀ nìkan, irọ́ ló ń pa."

"Bàbá, agogo méjìlá lọkọ̀ mi ń lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe wà yìí. Ìka tí mo mọ̀ nìyí."

Arúgbó náà wo Mọrádékẹ́ bóyá yóò sọ nǹkan kan. Kò sọ ọ́. Inú Mọrádékẹ́ náà dùn pé ìka òun tẹ́ẹ́rẹ́ láàárọ̀ yẹn, kò sì wù ú kí ẹnì kankan rí i bó ṣe máa ń rí tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Òrùka dé. Ó wọlé wẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ilé hó yèè, wọn ò sì dáná ààrò lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ajé, Mọrádékẹ́ wọ̀ ọ́ dé ìdí iṣẹ́. Nígbà tí yóò fi di agogo mẹ́rin, ìka ti wú yí òrùka ká, ó ti ń dúdú. Wọ́n fi òróró pa á, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò bọ́. Ẹkún ló fi dé ìsọ̀ Bàbá Làmídì. Bàbá fi ayùn kékeré gé òrùka náà.

"O ò bá ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi," ló kàn wí.

Nígbà tí Fọlárànmí gbọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dùn ún dọ́kàn. "Òrùka mi lẹ gé?"

"Ìka mi ló wú."

Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sójú oòrùn àárọ̀. "Ìka wo? Èyí? Ibo ló wú?"

"Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí i."

"Dékẹ́, bó bá jẹ́ pé o kò fẹ́ wọ̀ ọ́, sọ fún mi. Màá ní kí Bàbá jó o pọ̀ padà, bó ṣe wà gan-an." Ó sì bá ọkọ̀ agogo méjìlá lọ.

Ọ̀sẹ̀ náà ni Mọrádékẹ́ kọ lẹ́tà kan. Kò gùn. Ó kọ ọ́ pé: *Ẹ má ṣe ìyọnu lórí òrùka mọ́. Obìnrin tí ẹ ń fẹ́, àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló wà láyé. Èmi ni mò ń gbé ìyókù ọ̀sẹ̀. Ẹ kò tí ì pàdé mi.* Ó ká a, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta kọjá, kò lè fún un. Bí ọkùnrin náà bá ti ń bọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, ọkàn Mọrádékẹ́ á rọ̀. Á wí fún ara rẹ̀ pé bó bá lè rí òun lọ́jọ́ kan bí òun ṣe rí, kó sì jókòó ti òun, òun á sọ lẹ́tà náà sínú ààrò.

Ọjọ́ náà dé. Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹrin, Fọlárànmí lọ gba òrùka tí wọ́n ti jó pọ̀. Òun àti Bàbá Làmídì ṣe àríyànjiyàn lórí ìwọ̀n rẹ̀ títí ọkọ̀ agogo méjìlá fi lọ, ìrọ̀lẹ́ sì ti dé kí Bàbá tó dán an tán. Kò bínú sí i. Ó ní òun yóò lọ bá ìyàwó òun lẹ́nu iṣẹ́, kí òun fi òrùka náà yà á lẹ́nu, ọkọ̀ mìíràn á kọjá kílẹ̀ tó ṣú.

Mọrádékẹ́ rí i nígbà tó ń gba ẹ̀yìnkùlé bọ̀. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti agogo mẹ́ta, ẹ̀yìn ń dùn ún, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ó gbé ọwọ́ sókè láti nu ojú. Ó tún sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe wà, ó ń retí rẹ̀.

Fọlárànmí dé iwájú rẹ̀. Ó rí ìpéǹpéjú funfun, àkísà lórí, ọwọ́ kan níbàdí. Ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, Mọrádékẹ́ ńkọ́?"

"Yéè!" Sàfúrátù pa àtẹ́wọ́ nínú ilé. "Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀!" Ṣùgbọ́n ó rí ojú Mọrádékẹ́, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

Fọlárànmí gbé orí sókè. Ó wò ó, ó wò ó. "Dékẹ́? Ìyẹ̀fun… ìyẹ̀fun ló bò ẹ́ lójú. Jẹ́ n bomi wá, kó o bọ́jú."

"Bí mo bá bọ́jú, ẹ ó mọ̀ mí," Mọrádékẹ́ wí. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Kò bínú. Ìbínú ń fẹ́ agbára, kò sì sí èyí tó ṣẹ́ kù. "Lọ́la ńkọ́? Òrùka ojoojúmọ́ lẹ ní ẹ fẹ́ rà fún mi, Bọ̀dá Fọlá. Ojoojúmọ́ rèé."

Fọlárànmí kúnlẹ̀, ó yọ òrùka jáde, ó mú ọwọ́ rẹ̀. Òrùka dé oríkèé ìka, ó dúró. Ó tì í. Mọrádékẹ́ jẹ́ kó tì í títí ó fi sú u fúnra rẹ̀.

"Bàbá Làmídì sọ fún wa," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ìrọ̀lẹ́ là ń wọn ìka òrùka."

Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń sọ. Ẹnu Mọrádékẹ́ ló ti di òwe. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọ gbé, kó wá mọ̀ ọ́ nígbà tó bá rẹ̀ ọ́, torí pé àárọ̀ ò gùn, ìrọ̀lẹ́ ló pọ̀ jù nínú ìgbéyàwó.

Mọrádékẹ́ tú etí ìró rẹ̀. Lẹ́tà náà ti rún, ipa ìka oníyẹ̀fun sì hàn lára rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe ń fún àgbà ní nǹkan, Fọlárànmí sì gbà á.