Ojú Kan Kò Tó Adìyẹ

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Kí ló ń gbé àárín wa, tó jẹ́ pé bó bá rí ẹyọ àgbàdo kan nílẹ̀, á fi ojú ọ̀tún wò ó, á fi ojú òsì wò ó, kó tó ṣà á jẹ?

Ta ló ní ẹyẹlé? Ògúnrìndé, o gbìyànjú, ṣùgbọ́n jókòó. Ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà mí lẹ́nu, ẹ ó gbọ́ ọ láìpẹ́. Àlọ́ mi rìn títí, ó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó lọ bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo níbi tó ti ń yọjú wo ilé adìyẹ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Adìyẹ kan wà láyé ọjọ́un tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbébọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sàba, kò sì rí ọmọ kankan tọ́ dàgbà. Àṣá gbé àwọn àkọ́kọ́ lọ, òjò pa àwọn èkejì. Nígbà tó tún yé mọ́kànlá, ó búra pé òun ò ní kúrò lórí wọn. Ọ̀sán nìkan ló máa ń dìde. Á jẹun díẹ̀, á mu omi, á yíra nínú erùpẹ̀, á sì sáré padà.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ẹyin pa nígbà tí eku dé. Àgbàdo tó dà sílẹ̀ nínú ilé adìyẹ ló fà wọ́n wá. Wọ́n jẹ àgbàdo tán, wọ́n gbẹ́ ihò sábẹ́ ìtẹ́, wọ́n wá ń nawọ́ kan ẹyin láti ìsàlẹ̀. Ìyá Àgbébọ̀ fi ẹnu gún wọn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bó bá lé méjì, mẹ́rin á yọ. Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ní kó lọ bẹ Ológbò, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó ní ẹni tó ń fi eku jẹun òwúrọ̀, ta ni yóò sọ fún un pé ẹyin kì í ṣe oúnjẹ ọ̀sán?

Ọ̀rọ̀ yìí ta sí Ìjàpá létí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òórùn ẹyin yẹn ti ń dà á láàmú. Ó wá kí Ìyá Àgbébọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í kúkú ṣòro fún ẹni tí àyà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, Ológbò kì í ṣe ẹni à ń fi ẹ̀yìn sí, ṣùgbọ́n eku ò ní dúró gbọ́ àròyé. Ó ní kí wọ́n pè é, òun fúnra òun á jókòó tì í.

Ó ní, “Ìyá Àgbébọ̀, apá ọ̀tún ni kó máa wà. Ojú ọ̀tún yín ni kẹ́ ẹ máa fi ṣọ́ ọ, ẹ má gbé e kúrò lára rẹ̀. Ẹ má sì bá a sọ̀rọ̀ o. Adìyẹ tó bá bá ológbò sọ̀rọ̀ lórí ìtẹ́, ẹyin rẹ̀ á dọ̀bu.”

“Apá òsì ńkọ́?”

“Ṣé èmi ò wá tó apá òsì ni?”

Ìjàpá kọjá sọ́dọ̀ Ológbò. Ó sọ fún un pé abiyamọ tó ń sàba kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, kó dákẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ológbò kì í ṣe onísọkúsọ. Ó gbà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi pa eku débi pé ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tòrò. Ọjọ́ kẹrin, Ìyá Àgbébọ̀ dé láti ibi erùpẹ̀, ó fi ẹnu ka ẹyin. Mẹ́wàá. Ó tún un kà. Mẹ́wàá náà ni. Ó fi ojú ọ̀tún wo Ológbò, ó rí i tó ń lá ẹnu. Kí ló ń lá? Ìjàpá mí kanlẹ̀ lápá òsì. Ó ní òun ò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́, àmọ́ kí Ìyá wo etí ìtẹ́. Irun ológbò ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ìjàpá ló ṣà á níbi tí Ológbò sùn sí, tó fi há ibẹ̀.

Ẹyin ńkọ́? Ìgbà tí Ìyá lọ síbi erùpẹ̀, tí Ológbò sì tẹjú mọ́ ihò eku, ni Ìjàpá fà á yọ; abẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, ó fi òwú wé e. Bó bá gbé e délé, Yánníbo á ní òun fẹ́ jẹ níbẹ̀, Ìjàpá ò sì fẹ́ pín. Bó bá sì jẹ ẹ́ lẹ́yọ kan, ibo ló máa dé nínú rẹ̀? Ó ní kó pọ̀ díẹ̀ kí òun tó dáná. Ló bá há a mọ́ abíyá, ó jókòó sínú oòrùn. Gbogbo ọgbọ́n Ìjàpá, kò sàba rí láyé rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ẹyin ku mẹ́sàn-án. Ó ku mẹ́jọ. Ó ku méje. Wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Nígbà kan Ìyá Àgbébọ̀ dédé sáré padà láti ibi erùpẹ̀ kó lè ká Ológbò mọ́bẹ̀, ó bá a pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ eku ni, ṣùgbọ́n ta ló bi í? Ara ń fu Ológbò náà. Ó ń rò ó pé, kí ló dé tí ìyá yìí ń wo òun bí ẹni tó pa á lọ́mọ jẹ?

Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélógún tí Ìyá ti ń sàba, Ìjàpá ní kó lé Ológbò, pé òun nìkan tó ṣọ́ èyí tó kù. Ìyá Àgbébọ̀ la ẹnu.

“Ológbò, máa lọ. Mẹ́rin tó o jẹ nínú ọmọ mi ti tó.”

Ológbò ju eku sílẹ̀. “Ọmọ kẹ̀? Ìyá, eku nìkan ni mo jẹ níbí.”

Ìyá na apá bo èyí tó kù. Ológbò bá gbéra. Bó ṣe kẹ́yìn sí wọn, ojú eku ti ń dán lẹ́nu ihò.

Ṣé ẹ mọ̀ pé adìyẹ máa ń pe ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó jáde? Ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó ń fi ẹkún kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọmọ inú ilé funfun, ṣé ẹ wà?
*Tíò-tíò, a wà.*
Òtútù ò mú yín bí?
*Tíò-tíò, a wà.*
Ẹni tó bá wà kó dá mi lóhùn.
*Tíò-tíò, a wà.*

Méje dáhùn lábẹ́ ìyẹ́. Ohùn kan tún dáhùn lápá òsì.

Ìjàpá wúkọ́. Ó ní, “Ebi ni. Inú mi ló ń kùn.”

Ìyá Àgbébọ̀ tún orin kọ. Inú Ìjàpá tún kùn, ohùn mẹ́ta ló fi kùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan, ó yí ojú òsì sí Ìjàpá, ó sì rí òwú tó yọ lábẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Kí Ìjàpá tó ká orí wọlé, Ológbò tó gbọ́ ohùn òròmọdìyẹ lọ́nà ti padà dé, ó fi ọwọ́ kan dojú rẹ̀ dé. Òwú jábọ́. Òròmọdìyẹ mẹ́ta tí ara wọn ṣì tutù bọ́ sílẹ̀, ìkẹrin ń fi ẹnu fọ́ ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Ológbò ò fi èékánná kàn wọ́n. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìyá wọn lè ráyè.

Ojú ti Ìyá Àgbébọ̀ gan-an. Ó kó wọn sábẹ́ apá tán, ó ní, “Ológbò, forí jì mí. Ojú kan ni mo fi wò ọ́.”

Ológbò ní, “Mo gbọ́, Ìyá. Ó ku ihò kan tí n kò tíì dé.” Ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìjàpá wà lórí ẹ̀yìn nínú oòrùn, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́. Eku tó ń sá lọ gba orí ikùn rẹ̀ kọjá, ó sì gbé òwú rẹ̀ dání. Ìrọ̀lẹ́ ni Yánníbo tó rí i. Kó tó dà á padà, ọ̀rọ̀ kan ló bi í: “Èwo lo fi sílẹ̀ fún mi níbẹ̀?”

Láti ọjọ́ náà, bí adìyẹ bá fi ojú ọ̀tún wo nǹkan, ó di dandan kó fi ti òsì wò ó kó tó gbà á gbọ́. Ìdí nìyẹn. Àlọ́ mi já síbẹ̀. Bí mo bá parọ́, kí àkùkọ má kọ lẹ́yìnkùlé mi lọ́la; bí ẹ bá gbọ́ kíké rẹ̀, ẹ má bi mí léèrè mọ́.