Oògùn Ìyá Ọ̀yà àti Ìrù Ọ̀kẹ́rẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbiri, ó yí gbiri, ó dúró sẹ́nu ihò Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ní ìgbà kan rí, Ìyá Ọ̀yà ń gbé nídìí igi ìrókò. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé inú ihò igi náà. Ìyá Ọ̀yà kọ́ ló bí i o, ṣùgbọ́n òun ló tọ́ ọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sùn sí kí ó tó mọ igi í gùn.

Nígbà tó yá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún Ìyá Ọ̀yà. Òwìwí oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìyá, ọ̀rá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ dín dòdò kù. Ẹ máa lo hóró oògùn kan lálaalẹ́. Odidi ni o."

Ìyá Ọ̀yà gbé kèrègbè epo pupa lé Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí, kó lọ fi ra oògùn lọ́dọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ tó ń ta oògùn lọ́jà.

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Èyí tí wọ́n fi ewé dídán wé, odidi kèrègbè ni. Èyí tí wọ́n fi ewé kókò wé kò tó ìdajì rẹ̀. Oògùn kan náà ni. Ewé ló gbówó lórí."

"Ẹ fún mi ní ti ewé kókò. Kí ẹ sì fún mi lẹ́nì."

"A kì í fi oògùn ṣe ènì, ọmọ yìí."

Ká ní Ọ̀kẹ́rẹ́ délé, tó sọ bó ṣe rí fún ìyá, àlọ́ ì bá ti parí, ká lọ sùn. Ṣùgbọ́n ó gbé epo tó ṣẹ́ kù wọ inú ihò, ó ń fi din dòdò jẹ. Nígbà tó yá, ó tún ń gé hóró oògùn sí méjì kí ó tó gbé e fún ìyá, kí ó lè pẹ́ kó tó tán, kí ó má baà ra òmíràn nígbà tí ìyá bá tún gbé epo fún un, kí gbogbo epo náà lè jẹ́ tirẹ̀.

"Ìyá, wọ́n ti dín in kù lọ́jà."

"Kí ni wọn ò dín kù, ọmọ mi?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ọ̀yà gbá àyà mú, ó ṣubú. "Ọ̀kẹ́rẹ́, gbà mí o."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ̀yìn rìn jáde nínú ihò bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìrù jáde. Ìdí jáde. Ikùn kọ̀. Dòdò ti sọ ọ́ di ọlọ́ràá. Ó ń gbọ́ bí ìyá ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ nísàlẹ̀, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó figbe ta. Àwọn ará àdúgbò sáré dé, wọ́n di ìrù rẹ̀ mú.

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ìyá mi ni kí ẹ gbà."

Òwìwí tọ́jú Ìyá Ọ̀yà títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó wá fa ìrù Ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n fà á, ó gùn. Wọ́n tún fà á, ó fẹ̀. Gbìì! Ọ̀kẹ́rẹ́ já bọ́, kèrègbè tẹ̀ lé e, epo dà, ìdajì hóró oògùn sì fọ́n ká nílẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú epo. "Ìyá, èmi ni mò ń gé e. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá Ọ̀yà tú kókó etí ìró rẹ̀. Ègé oògùn kéékèèké ló wà níbẹ̀.

"Èmi náà ń gé e, ọmọ mi. Bí o ṣe ń ru epo lọ sọ́jà ń ṣe mí láàánú. Mo ní kí ó pẹ́ díẹ̀ kí o tó tún rìn."

 

Láti ọjọ́ náà, oògùn inú ewé kókò náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì ń rà. Epo tó bá ṣẹ́ kù ń padà sílé. Lálaalẹ́ ni yóò jókòó ti ìyá: "Ẹ gbé e mì. Ó yá, ẹ la ẹnu kí n wò ó."

Ìdí àlọ́ mi rèé: béèrè oògùn tó dínwó, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n má fi ẹ̀mí ẹni tó fẹ́ràn rẹ ṣọ́ owó. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo pa, kó lọ wo ìrù Ọ̀kẹ́rẹ́.