Fíláàṣì Tí Ìjàpá Hé Lẹ́nu Ọ̀nà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, kò yà sílé ẹnikẹ́ni, àfi ilé iṣẹ́ kan láàárín igbó. Ẹ súnmọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ má jí ọmọ yẹn o. Orin wà nínú àlọ́ yìí, ti ọmọ yẹn ni.

Nílé iṣẹ́ yìí ni àwọn ẹranko ń tọ́jú ohùn àwọn òbí wọn sí. Bí ara àgbà kan kò bá le mọ́, wọn a gbé e wá, a kọ orin tó fẹ́ràn jù, kọ̀ǹpútà a sì gbà á sílẹ̀. Bó bá lọ tán, ọmọ rẹ̀ a máa wá gbọ́ ọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àgbà ni, kì í rẹ́rìn-ín. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ohun tó bá ti ìta wá, ẹ má kì í bọ kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé e fún mi kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò." Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tó dá dúró, tí kò so mọ́ èyíkéyìí nínú ilé. Níbẹ̀ ló ti ń yẹ fíláàṣì wò, ohun pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń kó orin àti àwòrán sí, bóyá àrùn tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ìjàpá ńkọ́? Òun ló ń nu eruku ara ẹ̀rọ. Ojoojúmọ́ ni Àgbọ̀nrín ń wá bá a níbẹ̀ pẹ̀lú oyún, láti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Orin tí ìyá náà fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní kékeré ni. Wọn ò tíì ráyè ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

"Bí mo bá bímọ," Àgbọ̀nrín a wí, "màmá mi ni yóò máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Kí orin náà tó dé ìdajì, oorun á ti gbé Àgbọ̀nrín lọ bí ọmọ kékeré. Ìjàpá nìkan ní í gbọ́ ìyókù. Á máa nu eruku tó ti nù tẹ́lẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìjàpá rí fíláàṣì kan nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé: ÀSÈ ILÉ ERIN. Haa! Ọjọ́ tí Erin ṣe àsè yẹn, wọn ò pe Ìjàpá. Ó ti ń dùn ún láti ìgbà náà. Ó fẹ́ mọ ẹni tó jẹ ìpín tirẹ̀!

Ó mọ̀ pé Ọ̀kẹ́rẹ́ yóò gbà á lọ́wọ́ òun. Ló bá fi í pamọ́ sínú ìkarahun rẹ̀.

"Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹyìn ọ̀pẹ ti bọ́ sílẹ̀ rẹpẹtẹ lẹ́yìnkùlé, àwọn eku ti ń kó o!"

"Ẹyìn kẹ̀?"

"Ó pọ́n dẹ̀dẹ̀!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré jáde. Ìjàpá ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà ńlá. Ó ń retí iyán, ó ń retí ẹran. Ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Ó sì ṣókùnkùn. Àrùn inú fíláàṣì ti ń jẹ àwọn ohùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà. Ìjàpá sáré fà á yọ. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ padà dé. Àwọn ohùn tó ní ẹ̀dà, ó dá wọn padà. Ti ìyá Àgbọ̀nrín lọ pátápátá.

"Ta ló ki èyí bọ ibí?" Ọ̀kẹ́rẹ́ bèèrè, fíláàṣì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ ni," Ìjàpá dáhùn. "Afẹ́fẹ́ ló fẹ́ ẹ wọlé."

"Ṣé afẹ́fẹ́ náà ló sọ fún mi pé ẹyìn bọ́ lẹ́yìnkùlé?"

Ojú ti Ìjàpá. Ó fa orí wọlé.

Nígbà tí Àgbọ̀nrín dé tó sì gbọ́, kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó bẹ̀rẹ̀ orin náà fúnra rẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Ọmọ mi, má sunkún mọ́,
*Ìrì ń sẹ̀, jẹ́jẹ́.*
Bàbá roko, yóò dé,
*Ìrì ń sẹ̀, jẹ́jẹ́.*

Ó dákẹ́. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò mọ ìyókù. Ibí ni oorun ti máa ń gbé mi lọ."

Ẹ gbọ́ ná, ọmọ wo ló ń gbọ́ òpin orin tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?

Ibi tó dákẹ́ sí ni ohùn kan ti gbà á, ohùn tó há, láti inú ìkarahun:

Koríko tútù ń dúró dè ọ́,
*Ìrì ń sẹ̀, jẹ́jẹ́.*
Bí o bá jí, o ò ní bá mi,
*Ìrì ń sẹ̀, jẹ́jẹ́.*
Ẹni tó bá kọ ọ́ fún ọ, èmi ni,
*Ìrì ń sẹ̀, jẹ́jẹ́.*

Àgbọ̀nrín yíjú sí ìkarahun náà.

"Ẹ̀gbọ́n Ìjàpá, ẹ tún un kọ."

"Ohùn mi ò dára. Èmi náà ni mo sì ba ti ìyá rẹ jẹ́."

"Mo mọ̀. Inú ń bí mi sí yín, yóò sì pẹ́ kó tó tán. Ẹ tún un kọ."

Nígbà tí ọmọ dé, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Ìjàpá ń lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ojú ń tì í, á fa orí wọlé kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ pàápàá, láti ọjọ́ náà, kì í jẹ ẹyìn kan kó má wo ọ̀tún, wo òsì.

Títí dòní, bí ẹ bá súnmọ́ Ìjàpá, á fa orí wọlé. Ẹ ń rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Orin ìyá Àgbọ̀nrín ló ń kọ níbẹ̀.

Bí mo bá parọ́ nínú àlọ́ yìí, kí ohùn mi há ju ti Ìjàpá lọ. Bí mi ò bá parọ́, ẹ rọra bá mi gbè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ yẹn ti fẹ́ jí.