Àga Ẹni Tí Kò Lè Kúnlẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí kò lè kúnlẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ni, ènìyàn ńlá sì ni nínú ìjọ rẹ̀. Nínú ìjọ náà, bí wọ́n bá ti ní kí á jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ọmọdé àti àgbà ló máa ń fi orúnkún kanlẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, ọkùnrin yìí kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, kò sì lè dìde mọ́. Ó di ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mú, ó ń làágùn, ó ń pe Jésù bí ẹni tí iná ká mọ́lé. Èèyàn mẹ́rin ló gbé e dìde. Làkúrègbé ti wọ orúnkún rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò bi í pé ìwé dókítà dà. Òun gan-an kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Kí ìsìn tó parí, àwọn àgbà ìjọ ti ní kí wọ́n lọ gbé àga alápá kan wá láti ilé àlùfáà. Wọ́n fi tìmùtìmù sí i, wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, kí ọ̀gá máa jókòó gbàdúrà. Wọ́n ní ọkàn ni Ọlọ́run ń wò, kì í wo orúnkún. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Obìnrin kan ló máa ń gbálẹ̀ ilé ìsìn náà, òun ni wọ́n sì fi àga lé lọ́wọ́. Ní gbogbo òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, á nu ún, á gbọn tìmùtìmù rẹ̀, á gbé e síwájú lápá ọ̀tún, níbi tí atẹ́gùn ojú fèrèsé ti ń fẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe é. Kò kà á sí wàhálà. Ẹni tí nǹkan ń dùn, a ń bá a gbé àga ni.

Obìnrin yìí ní ọmọbìnrin kan, Ìbíyẹmí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ilé-ìwé ọ̀gá yìí ló ń lọ, ó sì ti dé kíláàsì àṣekágbá. Ọmọ náà mọ̀wé. Ṣùgbọ́n oríkèé ìka rẹ̀ a máa wú. Bí ó bá ti kọ̀wé fún bí ogún ìṣẹ́jú, ìka á gan, á gbóná bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Á gbé bírò sílẹ̀, á ki ọwọ́ bọ abíyá títí yóò fi rọ̀, kó tó tún lè gbé e. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní làkúrègbé ni, ó ní irú rẹ̀ ń bá ọmọdé jà. Ó kọ ìwé. Ó ní bí wọ́n bá lè fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún àkókò ọmọ yìí nínú ìdánwò àṣejáde, yóò kọ ohun tó mọ̀ tán. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà ní fọ́ọ̀mù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ló kù, kí ọ̀gá ilé-ìwé tẹ òǹtẹ̀ lé e, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ Ẹtì.

Obìnrin náà mú fọ́ọ̀mù lọ ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ó jókòó sórí pèpéle títí oòrùn fi yí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá ní kó fi í sílẹ̀, òun á wò ó. Nígbà tó padà dé ní Ọjọ́bọ̀, ibi tó fi fọ́ọ̀mù sí náà ló ti bá a. Wọ́n ti gbé ife tíì lé e.

"Làkúrègbé kẹ̀, Ìyá Ìbíyẹmí?" ọ̀gá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Lára ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún? Ta ló fi í jẹ oyè àgbà?"

Akọ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi ń lu tábìlì.

"Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ìwé rẹ̀ nìyí."

"Ẹ fi dókítà sílẹ̀. Ọmọ yín ló lọ́ra. Ìka tó fi ń tẹ fóònù, ṣé ìyẹn náà máa ń wú?"

"Kò ní fóònù, sà."

"Ó dáa, ẹ gbọ́ mi." Ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó wà lórí pẹpẹ. "Bí mo bá fún ọmọ yín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ ẹlòmíì? Ojúsàájú nìyẹn. Gbogbo wọn dọ́gba níwájú mi, bí gbogbo wa ṣe dọ́gba níwájú Ọlọ́run. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ tán, kó fi èyí tó kù lé Olúwa lọ́wọ́."

Ó fẹ́ dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, ó kérora, ó tún jókòó padà. "Yéè! Ẹ má bínú, Màmá, mi ò ní lè sìn yín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ kúkú mọ nǹkan tó ń ṣe orúnkún mi."

Obìnrin náà mọ̀ ọ́n. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ló sọ. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó mú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó jáde.

Ojú ọ̀nà ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Kì í ṣe ìbínú tó ń pariwo. Ó dà bí ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ pé ó ń hó. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó tún lọ. Ọ̀gá kò wá síbi iṣẹ́. Orúnkún ló dá a dúró sílé, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó sọ ọjọ́ náà ní Ẹtì kò purọ́. Ó tì lóòótọ́.

"Màámi, ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́?" Ìbíyẹmí bi í nígbà tó délé. Ìyá ki aṣọ bọ omi gbígbóná, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó sì fi wé ọmọ náà lọ́wọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi, ó gbá ilé ìsìn bó ti máa ń gbá a. Ó dé ìdí àga alápá, ó dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà, ó jókòó sínú rẹ̀. Ó rọ̀. Ó dìde, ó gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ há ìdí ìró.

Ìsìn bẹ̀rẹ̀. Àsìkò ìjẹ́wọ́ dé, gbogbo ìjọ kúnlẹ̀. Ọ̀gá nìkan ló dúró gán-n-gán láàárín wọn, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

"Àga mi dà?" Ó rọra sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé pa rọ́rọ́. Gbogbo ènìyàn gbọ́.

Obìnrin náà dìde lórí eékún rẹ̀, ó lọ bá a.

"Ó wà nínú yàrá, sà. Mo ní kó má baà di ojúsàájú. Gbogbo wa dọ́gba níwájú Ọlọ́run."

"Ṣé ẹ ń bá mi ṣeré ni? Ẹ mọ̀ pé orúnkún ń dùn mí!"

"Ìwé dókítà yín dà, sà?"

Ọ̀gá na ọwọ́ di ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì mú.

"Oríkèé ni orúnkún. Oríkèé ni ìka," obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé àga fún oríkèé tiyín. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ni mo tọrọ fún ti ọmọ mi, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé àga wá síbi tó máa ń gbé e sí. Ó gbọn tìmùtìmù. "Ẹ jókòó, sà. Ẹni tí nǹkan ń dùn kò yẹ kó wà lórí ìdúró."

Ó padà síbi tirẹ̀, ó kúnlẹ̀. Wákàtí ìjẹ́wọ́ ni. Ó wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú ohun tó ṣe tán yìí, kò rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá tẹ òǹtẹ̀ náà. Kò gbà ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan. Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà sáré gbé fọ́ọ̀mù lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìdánwò, ẹni tó jókòó lójú fèrèsé wo déètì orí rẹ̀. "Màmá, Ẹtì la ti parí ẹ̀. Kí ló dá yín dúró?"

Ìbíyẹmí ṣe ìdánwò nínú àkókò tí gbogbo ọmọ fi ṣe é. Ó ń kọ, ó ń ki ọwọ́ bọ abíyá, ó ń wo aago. Ní ọjọ́ lítíréṣọ̀, ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n ní kí wọ́n dáhùn. Méjì àti ààbọ̀ ló kọ tí wọ́n fi gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá wá mú un, ó ń ka ìdáhùn èyí tó kù sí i létí láti ẹnu géètì títí wọ́n fi délé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò tàsé. Ìyá ń gbọ́. Nígbà tí èsì jáde, ó yege nínú gbogbo rẹ̀ àfi lítíréṣọ̀. Ọdún kan gbáko ló fi jókòó sílé kó tó tún un ṣe.

Àga alápá ṣì wà lápá ọ̀tún. Ọ̀gá ṣì ń jókòó sínú rẹ̀. Obìnrin náà ló ṣì ń gbé e síbẹ̀.

Ìwọ tí o gbọ́ èyí, o ti ń mi orí, o ní ọkùnrin yẹn burú. Ìyẹn kò ṣòro láti sọ. Wo abẹ́ ara rẹ ná. Kí lo jókòó lé? Ta ló ń gbé e kalẹ̀ fún ọ tí kò bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀? Wọ́n ń bá ọ di ọwọ́ mú lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń jẹ́ kí o kọjá síwájú ní ilé ìwòsàn, o pè é ní ọ̀wọ̀. Ẹlòmíì tọrọ èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, o pè é ní ojúsàájú. Má fi orúkọ Ọlọ́run dí ẹnu rẹ̀ mọ́. Bí òǹtẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, ohun tí ọmọ ọlọ́mọ ń dúró dè náà nìyẹn. Tẹ̀ ẹ́ lónìí. Bí o bá dúró di ìgbà tí ojú bá tì ọ́, ọjọ́ Ajé ni yóò jẹ́.