Òkun Inú Pálọ̀

Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà, yóò rí ìfun inú rẹ̀. Àrínpé ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, àmọ́ ìgbà tí Oyèníran ọkọ rẹ̀ gbé òkun wọ pálọ̀ ló tó yé e.

Àpótí gíláàsì gbàǹgbà ni, omi iyọ̀ àti òkúta inú òkun ló kún inú rẹ̀. Kò sí ẹja kankan níbẹ̀.

Oyèníran ní, “Omi náà kò tíì gbó tó ohun tí ẹja lè gbé inú rẹ̀. Jẹ́ ká ní sùúrù.”

Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ń bọ̀ wá kí wọn. Ta ní í gbé ọbẹ̀ aláìlẹ́ran síwájú àlejò? Àrínpé ra ààyè ẹja àrọ̀ lọ́jà, ó sọ ọ́ sínú omi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àrọ̀ ti kú, ó léfòó. Ọmọ odò ni, iyọ̀ òkun ló pa á.

Oyèníran kò bínú. Ó gbé àga méjì síwájú gíláàsì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ omi ń rọra jó lára ògiri.

Lọ́jọ́ kan, òkúta kan nínú àpótí náà, tí Àrínpé ti pè ní òkú, ṣí bí òdòdó. Àwọn ìka tín-ín-rín bí òwú, pupa rẹ́súrẹ́sú, yọ jáde, wọ́n ń fì nínú omi bí ẹni ń pè é. Àṣé ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun ló wà lára òkúta náà.

Ìgbà náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé, ó wo inú gíláàsì. “Ìyàwó mi, ẹja dà?”

Àrínpé fa àga kẹta.

“Ẹ rọra jókòó, Màámi. Èèrà là ń pa lọ́wọ́.”