Oríta tí Ọdẹ́yalé Ti Dúró Díẹ̀

Ní ìgbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó la ọ̀nà gba inú igbó Àfọ̀n kọjá, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́yalé, ọdẹ tí ń rìn láìdún, akọni tó kó ogójì ẹrú jáde kúrò lábẹ́ Onígbórò, ọba tí ọwọ́ rẹ̀ le. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sá lọ. Òǹgbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán kí Ọdẹ́yalé tó rí ipa ìrù kan tó wọ́ lọ nínú eruku, láàárín ipasẹ̀ ẹranko. Wọ́n tọ̀ ọ́ títí dé ìdí àràbà ńlá kan tí awọ́nríwọ́n ń gbé inú ihò rẹ̀ lókè, ìsun omi tútù sì wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ dó sí, wọ́n sì búra pé àwọn kò ní pa awọ́nríwọ́n láé.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ni Ọdẹ́yalé ṣe. Nígbà tí awọ́nríwọ́n náà bọ́ awọ, ó mú díẹ̀ níbẹ̀, ó fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára apó ọfà rẹ̀. Inú ń bí mi sí i nítorí rẹ̀ títí dòní. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun mú un nínú igbó ọdẹ, awọ yẹn ni Onígbórò kọ́kọ́ dì mú.

“Ẹranko tó ni awọ yìí kì í jìnnà sí omi,” ni ọba wí. “Igi wo ló ń gùn? Sọ ọ́, kí n lọ kó àwọn ẹrú mi.”

Ọdẹ́yalé nàró ṣánṣán. “Onígbórò, n kò ní pè ọ́ ní Kábíyèsí. Bí ó ṣe rí ni màá sọ fún ọ. Ó gùn ju ọkùnrin tó nà gbalaja lọ. Ara rẹ̀ dúdú, àmì rúsúrúsú sì tò sí i lára láti ọrùn dé ìrù. Ahọ́n rẹ̀ là sí méjì. Èékánná rẹ̀ ń di èèpo igi mú débi pé ìjì kò lè já a bọ́. Bí ọdẹ bá dúró sí ìhà kan igi, ìhà kejì ni yóò yí sí. Ìrísí rẹ̀ nìyẹn. Ní ti ilé rẹ̀, pa mí!”

Ọba kò pa á. Ó ní ète tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tì í mọ́lé fún ọjọ́ méjì láìfún un lómi, lẹ́yìn náà ó tú u sílẹ̀, ó ní kí Ọ̀jẹ́rìndé, olórí àwọn ọdẹ ààfin, máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀, nítorí òǹgbẹ yóò lé e lọ sílé.

Ọdẹ́yalé mọ̀. Nígbà tó dé oríta tó yà sí ilé, ó dúró díẹ̀, ó sì kọjá. Ó kọrí sí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ń rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Òkú rẹ̀ ni Ọ̀jẹ́rìndé bá, ètè rẹ̀ ti là.

Ọ̀jẹ́rìndé fi ewé bò ó. Ó padà, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba, ó ní, “Kábíyèsí, kò sí omi lọ́nà tó gbà.”

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kò sọ pé òun rí oríta kan níbi tí ipa ẹsẹ̀ Ọdẹ́yalé méjèèjì ti dúró pọ̀, tí ìka wọn yíjú sí apá òsì. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó yà sí apá òsì.

Títí di òní, ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin wa máa ń wọ́ imọ̀ ọ̀pẹ nílẹ̀ láti ìdí àràbà dé oríta náà, kí ó fi ipa bíi ti ìrù sílẹ̀, a ó sì da igbá omi kan síbẹ̀ fún Ọdẹ́yalé. Ìdílé Ọ̀jẹ́rìndé ló ń gbé igbá náà. Èmi ni mo gbé e lọ́dún yìí, n kò sì jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò kí n tó débẹ̀.