Alágbàṣe Kì Í Bá Onílé Tọ́jú Ẹrù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo máa ń sọ, tó máa ń rú ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lójú: "Alágbàṣe kì í bá onílé tọ́jú ẹrù." Kí ló kan kọ̀ǹpútà kan alágbàṣe? Ẹrù ta ló sì sọnù? Ẹ fara balẹ̀, ó ní bí ó ṣe jẹ́.

Ẹrù Ìbídùn ni. Ọmọ Ìlá ni Ìbídùn, ṣùgbọ́n Òṣogbo ló ti ń kọ kóòdù jẹun. Màmá Abẹ́ní, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà. Láàárọ̀, bí ọmọ náà bá ti kúnlẹ̀, màmá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á sì máa kì í: "Àwẹ̀ró, ọmọ afọwọ́gbẹ́gi-kígi-ó-rẹ́rìn-ín." Nígbà tí Ìbídùn kúrò nílé, kò sí ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ tó ohùn yẹn.

Ó wá rí i pé àwọn àgbà tó mọ oríkì ìdílé ń dín kù. Ó ṣe ojú ìwé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àgbà yòówù lè ti orí fóònù ki oríkì sí. Kò ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tí yóò máa gba ohùn wọn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú ẹ̀rọ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló yá a ní ọ̀kan. Ìbídùn kọ kóòdù tí ẹ̀rọ náà máa tẹ̀ lé, ó fi lé wọn lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá ti ki oríkì, ẹ̀rọ á jí, á yọ ariwo kúrò nínú ohùn náà, á sì padà sùn. Ohùn tó bá ti tún ṣe, inú àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà ni Ìbídùn ní kó máa kó o sí.

Àgbà mọ́kànlá ló ki oríkì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Màmá Abẹ́ní ló ṣe ìkẹyìn. Ó ki ìdílé láti orí baba ńlá dé orí Ìbídùn, ó wá pè é láti béèrè bóyá ó ti wọlé.

"Ó ti wọlé, Màmá. Ibẹ̀ ló máa wà títí láé."

Ìbídùn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, ó mọ́ gaara.

Kò pé oṣù kan tí màmá fi sùn tí kò jí. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìbídùn ṣí ojú ìwé náà ní ọ́fíìsì kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Òfìfo ló bá. Gbádébọ̀, ọ̀gá rẹ̀, wá ka kóòdù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé pé lọ́jọ́ tí gbogbo ènìyàn ń pe ẹ̀rọ náà, kò ráyè sùn, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì dúró. Ṣùgbọ́n bó bá ti sùn pẹ́, àwọn tó ni ín á gbà á padà, wọn á gbá àpótí náà mọ́, wọn á gbé òmíràn kalẹ̀ fún ẹni tó bá tún pè. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé wọn. Ìbídùn ni kò kà á débẹ̀.

"Alágbàṣe lo pè, Ìbídùn," ni Gbádébọ̀ wí. "Ó ṣe iṣẹ́ tó o bẹ̀ ẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Alágbàṣe kì í bá onílé tọ́jú ẹrù."

Ìbídùn sunkún. Lẹ́yìn náà ó wá ibi tí ohùn lè máa gbé títí, ó so ó mọ́ kóòdù rẹ̀, ó sì lọ tọrọ àforíjì ní Ìlá. Àgbà mẹ́wàá tó kù tún ki tiwọn. Ti ìdílé tirẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ó jókòó sí yàrá màmá, ó mú fóònù, ó ki ìwọ̀nba tó rántí. Kò tó ìdajì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, kò pa fóònù náà, ó jẹ́ kó máa gba ìdákẹ́jẹ́ ilé náà pẹ̀lú.

Ó wà níbẹ̀ di òní. Àwọn ọmọ Ìlá tó wà lẹ́yìn odi máa ń ṣí i: wọ́n á gbọ́ ohùn Ìbídùn, ohùn náà á dá, wọ́n á sì máa gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ ẹnìkan tó ń gbálẹ̀ lójúde.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ohun iyebíye sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ àyálò ní Òṣogbo, ẹni tó jókòó tì í á rọra sọ fún un pé alágbàṣe kì í bá onílé tọ́jú ẹrù.